Orí Keje: Nǹkan Tó Sá Pamọ́ Sínú Kúùbù

Ìyá kan ní àdúgbò wa ní táǹkì irin kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Òró táǹkì náà jẹ́ mítà kan, ìbú rẹ̀ mítà kan, gíga rẹ̀ mítà kan. Bó bá kún, ẹgbẹ̀rún lítà omi ló ń gbà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 40. Nígbà tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí i, omi náà kò tó wọn mọ́. Ìyá ránṣẹ́ pe wẹ́dà, ó ní, "Bá mi ṣe òmíràn tó jẹ́ ìlọ́po méjì eléyìí." Wẹ́dà yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe oníjìbìtì. Ó fa téèpù yọ, ó wọn táǹkì àtijọ́, ó sì sọ mítà kọ̀ọ̀kan di méjì: òró méjì, ìbú méjì, gíga méjì. Ó ṣírò owó irin, ó ṣírò owó iṣẹ́. Nígbà tí ìyá gbọ́ iye rẹ̀, ó figbe ta.

Èmi ni wọ́n ní kí n wá bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo fi ń jẹun. Mo mú igi, mo ya àpótí méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Táǹkì àtijọ́ ní ojú mẹ́fà, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà kan lọ́nà mítà kan. Irin tó lọ sí i kò ju mítà onígun mẹ́rin mẹ́fà lọ. Táǹkì tí wẹ́dà ń gbèrò, ojú mẹ́fà ni òun náà ní, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan ti di 2 lọ́nà 2, ìyẹn 4. Ẹ̀ẹ̀mẹfà 4 jẹ́ 24. Irin ti di ìlọ́po mẹ́rin. Omi ńkọ́? 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 8. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lítà! Lítà omi kan sì rèé, kílò kan ló wọ̀n. Tọ́ọ̀nù mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́ gbé ka orí òpó tí bíríkìlà mọ fún tọ́ọ̀nù méjì.

Ẹnu ya àwọn méjèèjì. Kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ìyá ní "ìlọ́po méjì", omi ló ní lọ́kàn. Wẹ́dà gbọ́ "ìlọ́po méjì", téèpù ọwọ́ rẹ̀ ló wò. Mítà mélòó wá ló yẹ kí ẹ̀gbẹ́ táǹkì tuntun jẹ́ kí omi rẹ̀ tó di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́? A ó padà sórí ìyẹn láìpẹ́.

Irú èdè-àìyédè yìí gan-an ló ń bá àwọn ọmọ wa fínra nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ bi ọmọ SS2 pé kí ni àyè inú kúùbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 5. Kò ní mí tí yóò fi dáhùn pé 125. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ bo nọ́ńbà kan náà mọ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìtàn táǹkì, tàbí ti irin tí wọ́n yọ́, tàbí ti àpótí tí wọ́n fi nǹkan kún, ẹ ó rí i pé ọmọ yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí bírò. Mo ti máàkì ìwé irú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìsọdipúpọ̀ kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni wọn kò tí ì mọ̀. Ìṣirò onítàn ni mo máa ń pe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn ni kó tó di ìṣirò, ẹni tí ìtàn kò bá sì yé, kò sí fọ́múlà tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ayò lúdò sọ́wọ́. Ẹ ka ojú rẹ̀: mẹ́fà. Ẹ ka orígun rẹ̀: mẹ́jọ. Ẹ fi èékánná tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orígun kan dé èkejì: méjìlá ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì dọ́gba láìku ẹyọ kan. Kúùbù nìyẹn. Ẹwà rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan péré ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Àpótí lásán nílò nọ́ńbà mẹ́ta kí a tó mọ̀ ọ́n: òró, ìbú, gíga. Kúùbù nílò ẹ̀gbẹ́ nìkan. Bí ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ x, ojú kan jẹ́ x², gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 6x², àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 12x, àyè inú sì jẹ́ x³. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ohun yòówù tí ìbéèrè kúùbù bá ń béèrè, ìbáà jẹ́ omi, ọ̀dà, ìwọ̀n tàbí owó, ara ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi lẹ́tà náà lé. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò tú àṣírí ìyókù.

Lẹ́tà x yìí ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àlejò tó dé gbẹ̀yìn nínú ilé áljẹ́brà ni. Al-Khwarizmi, ọ̀mọ̀wé Bàgídáàdì tó kọ ìwé tí a ti mú orúkọ áljẹ́brà ní nǹkan bí ọdún 820, kò lo lẹ́tà kankan. Ọ̀rọ̀ lásán ló fi ṣe gbogbo ìṣirò inú ìwé náà. Ohun tí kò tíì mọ̀, shay' ló pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá sì ni "nǹkan". Àwọn ará Ítálì gba ìmọ̀ náà, wọ́n pe tiwọn ní cosa, "nǹkan" ni òun náà. Nígbà tí Girolamo Cardano tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1545, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kúùbù kan àti nǹkan mẹ́fà dọ́gba pẹ̀lú 20. Ẹ gbìyànjú 2: kúùbù rẹ̀ jẹ́ 8, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 12, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Àmì ìdọ́gba tí à ń lò lónìí kò dé títí di ọdún 1557, láti ọwọ́ Robert Recorde. Ìwé René Descartes ti ọdún 1637 ló fẹsẹ̀ x àti x³ múlẹ̀ bí a ṣe ń kọ wọ́n báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìyẹn, onítàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú áljẹ́brà. Ọmọ tó bá ń sọ pé òun mọ áljẹ́brà ṣùgbọ́n òun kò mọ ti onítàn, ẹ̀ka ló dì mú, kò tíì fọwọ́ kan igi.

Al-jabr, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó bí orúkọ áljẹ́brà, dídá ohun tó yẹ̀ padà sí àyè rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní Sípéènì àtijọ́, algebrista ni wọ́n ń pe ẹni tó ń to eegun. Bí baba tó mọ eegun tò ṣe máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kó tó fà á, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ìtàn wò. Níbo ni nǹkan ti yẹ̀? Kí ni wọ́n fún wa, kí ni wọ́n fi pamọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn: táǹkì kan tó jẹ́ kúùbù ń gba lítà 64, kí ni gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò rántí pé 4 lọ́nà 4 lọ́nà 4 jẹ́ 64, wọn yóò kọ sẹ̀ǹtímítà 4, wọn yóò sì kọjá lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka wọn sẹ̀ǹtímítà 4 lára rúlà. Ta ni yóò pe ìyẹn ní táǹkì? Omi inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò lè pa òùngbẹ ọmọdé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lítà kan jẹ́ kúùbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kúùbù 1,000. Lítà 64 wá di 64,000. Bí ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ x, x³ jẹ́ 64,000, x sì jẹ́ 40. Àpótí tó ga dé orúnkún, èyí dún bíi táǹkì. Ẹ máa fi ojú inú wo ìdáhùn yín kí ẹ tó fà á nílà nídìí.

Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí èyí tó tẹ̀lé e, nítorí òun ló máa ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n ní: ẹ̀gbẹ́ kúùbù kan fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn sí i, àyè inú rẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà kúùbù 61 pọ̀ sí i. Kí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ọmọbìnrin kan gbé ìbéèrè yìí wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti kọ (x + 1)³, ó ti tú u ká bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó rí x³ + 3x² + 3x + 1, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí nǹkan wọ̀nyẹn ń sọ. Mo ní àpò kan nílé tí mo kó igi sí, kúùbù kéékèèké tí káfíńtà gé fún mi ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, 125 ni gbogbo wọn. Mo dà wọ́n sórí ẹní. Mo ní kó fi ẹyọ kan lélẹ̀, kó sọ ọ́ di kúùbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2. Igi méje ló fi kún un. Mo ní kó sọ ọ́ di 3, ó fi 19 kún un. Ó sọ ọ́ di 4, ó fi 37 kún un. Igi 64 wà nílẹ̀ báyìí, wọ́n tò dáadáa bí ọṣẹ tuntun tí wọn kò tíì gé.

"Sọ ọ́ di 5."

Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ tẹ́ igi sórí rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní, 4 lọ́nà 4, ìyẹn 16. Ó to 16 mìíràn sí iwájú. Ó to 16 mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó wá dúró, ó ń wò ó. Ihò ṣì kù: níbi tí ẹní kan ti pàdé èkejì, kòtò tóóró kan wà níbẹ̀, mẹ́ta ni kòtò bẹ́ẹ̀. Ó to igi mẹ́rin mẹ́rin sínú wọn bí ọ̀pá. Ó ku orígun kan ṣoṣo lókè, níbi tí kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Igi kan ló ṣẹ́ kù sórí ẹní. Ó mú un, ó fi dí i, kò sì sí igi kankan nílẹ̀ mọ́.

Ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé rẹ̀ mọ́ra, ó fi bírò yí 3x² ká, ó ní, "Ẹní mẹ́ta rèé, sà." Ó yí 3x ká: "Ọ̀pá mẹ́ta rèé." Ó yí 1 ká, kò wulẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Láti ibẹ̀, ìṣirò náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tó kún un jẹ́ 3x² + 3x + 1, wọ́n sì ní 61 ni. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 60. Ẹ fi 3 pín gbogbo rẹ̀: x² + x jẹ́ 20, ìyẹn ni pé x lọ́nà x + 1 jẹ́ 20. Nọ́ńbà méjì wo ló tẹ̀lé ara wọn tí wọ́n fún wa ní 20? 4 àti 5. Ẹni tó bá fi fọ́múlà ṣe é yóò tún rí −5, ṣùgbọ́n kò sí káfíńtà tó lè gé igi tó kéré sí òfo, nítorí náà ẹ jù ú nù. Ẹ̀gbẹ́ àtijọ́ jẹ́ 4. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 125 dín 64 jẹ́ 61.

Èdè wa wúlò fún wa gan-an níbí, ó sì dùn mí pé a kì í lò ó tó. Ìbéèrè ìdánwò ń dé ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ sì máa ń gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì yé e. Ẹ ní kó sọ ìtàn náà fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá ná. Yóò di dandan fún un láti yàn láàárín "fi" àti "di". Àyè inú rẹ̀ fi 61 pọ̀ sí i, tàbí àyè inú rẹ̀ pọ̀ sí i ó di 61? Ìdọ́gba ti àkọ́kọ́ ni (x + 1)³ − x³ = 61. Ti èkejì ni (x + 1)³ = 61, ìyẹn kò sì fún wa ní odindi nọ́ńbà kankan. Ẹnu ọmọ Yorùbá kò lè ṣi "fi" pè ní "di". Mo ti rí ọmọ tó fi ọ̀nà yìí rí àṣìṣe ara rẹ̀ láàárín gbólóhùn, tó dákẹ́, tó sì pa iṣẹ́ tó ti ṣe rẹ́.

Ìtàn irin yíyọ́ kò le tó ti ìṣáájú. Alágbẹ̀dẹ ní kúùbù irin mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, 4 àti 5. Ó yọ́ wọn pọ̀, ó dà wọ́n sí kúùbù kan. Ọmọ tó bá ro ẹ̀gbẹ́ pọ̀ yóò sọ pé 12. Ṣùgbọ́n iná kì í da ẹ̀gbẹ́ pọ̀, irin ló ń dà pọ̀. Ohun tó wà nínú ìkòkò ni 27 àti 64 àti 125, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 216, ẹ̀gbẹ́ kúùbù tuntun sì jẹ́ 6. Inú mi máa ń dùn sí ìdáhùn yìí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe é: 3, 4, 5, ó sì bọ́ sí 6.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí táǹkì ìyá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti wẹ́dà ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ fi lélẹ̀. Wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ènìyàn, wọ́n sì lọ wádìí lẹ́nu òrìṣà. Òrìṣà ní kí wọ́n sọ pẹpẹ Apollo ní erékùṣù Délọ́ọ̀sì di ìlọ́po méjì. Kúùbù ni pẹpẹ náà. Wọ́n sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, pẹpẹ di ìlọ́po mẹ́jọ, àrùn kò sì lọ. Bí ìtàn náà bá jẹ́ àròsọ, ìṣirò inú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ rárá. Àwọn ọlọ́gbọ́n wọn wá ẹ̀gbẹ́ tí kúùbù rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́, rúlà tí kò ní nọ́ńbà àti kọ́ńpáàsì nìkan ni wọ́n sì fẹ́ fi yà á. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ó di ọdún 1837 kí Pierre Wantzel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó fi ẹ̀rí hàn pé irinṣẹ́ méjèèjì yẹn kò lè yà á láéláé.

Wẹ́dà tiwa kò nílò ẹ̀rí Wantzel, téèpù rẹ̀ ní nọ́ńbà. Bí ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ x, ohun tí ìyá fẹ́ ni x³ = 2. A gbìyànjú 1.2, ó fún wa ní 1.728, kò tó. A gbìyànjú 1.3, ó fún wa ní 2.197, ó ti ré kọjá. A gbìyànjú 1.26, ó fún wa ní 2.0004, a sì dúró síbẹ̀. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 26. Irin tó lọ sí i kò pé mítà onígun mẹ́rin mẹ́wàá, dípò 24. Nígbà tí wẹ́dà gbé e dé, ìyá wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní ó kéré jù, àfi ìgbà tí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì wọn omi rẹ̀, tí ó gba 80. Ojú wa kò mọ kúùbù wò, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tó kún ẹ̀gbẹ́ ti sọ omi di ìlọ́po méjì.

Ibì kan tún wà tí kúùbù ti ń ṣiṣẹ́ ńlá láàárín wa: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gíga. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n máa ń bu díẹ̀ nínú kọnkéré tí wọ́n ń dà, wọ́n á kì í sínú mọ́ọ̀dù irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, wọ́n á máa gún un bí wọ́n ṣe ń kún un. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tú mọ́ọ̀dù, wọ́n á gbé kúùbù náà sínú omi. Tó bá di ọjọ́ 28, wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ agbára kọnkéré tó wà nínú òpó ilé náà. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ọmọ mọ ìbéèrè bí èyí: kúùbù kọnkéré kan wọn kílò 8.1, mítà kúùbù kan irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ sì wọn kílò 2,400. Ǹjẹ́ mọ́ọ̀dù tí wọ́n lò pé sẹ̀ǹtímítà 15? Ẹ fi 2,400 pín 8.1, ẹ ó rí 0.003375 mítà kúùbù, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kúùbù 3,375. Ẹ tú 3,375 sí wẹ́wẹ́: 3 lọ́nà 3 lọ́nà 3, lẹ́yìn náà 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5. Ẹ mú 3 kan, ẹ mú 5 kan, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 15. Mọ́ọ̀dù náà pé. Ká ní ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 8.1 ni, a jẹ́ pé mọ́ọ̀dù kò pé, tàbí pé wọn kò gún kọnkéré náà dáadáa tí afẹ́fẹ́ fi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ òrùlé yẹn yóò fẹ́ kí ẹnì kan ti béèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀kan rèé tí mo fi sílẹ̀ fún yín, kí ẹ ṣe é kí ẹ tó ṣí orí tó kàn. Ẹ̀gbẹ́ kúùbù kan fi sẹ̀ǹtímítà 2 gùn sí i, àyè inú rẹ̀ sì fi 152 pọ̀ sí i. Ẹ má ṣe sáré wá fọ́múlà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá wà nítòsí, ẹ fi x lé ẹ̀gbẹ́ àtijọ́, kí ẹ wá wo bí ẹní mẹ́ta, ọ̀pá mẹ́ta àti orígun kan yóò ṣe rí nígbà tí ẹní bá nípọn sẹ̀ǹtímítà 2. Orígun náà kì í ṣe 1 mọ́, ó ti di 8. Bí ẹ bá ṣe é tó tọ́, ẹ̀gbẹ́ àtijọ́ jẹ́ 4.